Ẹ̀jẹ̀ Tí Olùkọ́ Fi Ṣe Òṣùwọ̀n

Ọkùnrin kan wà, olùkọ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ. Bàólójì ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lẹ́yìn odi ìlú. Fara balẹ̀, Àkànmú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìtàn lo wá gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, pé kò sí ìjà, kò sí ẹjọ́, kò sí ẹ̀dùn ọkàn kankan nínú ilé rẹ, òun ló mú ọkùnrin yìí wá sí mi lọ́kàn. Jẹ́ kí n sọ tirẹ̀ tán ná, kí n tó kan tìrẹ.

Olùkọ́ yìí kò fẹ́ kí ọmọ máa há ẹ̀kọ́ sórí bí ayékòótọ́. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ń bí i nínú. Ó ní àwòrán inú rẹ̀ mọ́ jù, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ rí roboto, ìkan ò kan ìkejì, wọ́n sì fi ọ̀dà aláràbarà kùn wọ́n bí ilé ìyàwó tuntun. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ tó bá mọ àwòrán nìkan kò tíì mọ nǹkan kan.

Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù ni bí ara ṣe ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ àìsàn. Bó ṣe ń kọ́ ọ rọrùn débi pé èmi tí kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó yé mi. Ó ní nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun ara. Ó pín wọn sí ìdílé méjì fún àwọn ọmọ. Ìdílé kan ni jagunjagun: àwọn ló ń dojú kọ ọ̀tá, àwọn ló sì ń pàṣẹ ogun. Ìdílé kejì ni alágbẹ̀dẹ: àwọn ló ń rọ ohun ìjà tí ara fi ń mú kòkòrò àìsàn. Nínú ara tó le, jagunjagun máa ń pọ̀ gan-an, alágbẹ̀dẹ á sì mọ níwọ̀n. Ó máa ń bi wọ́n pé, bí gbogbo ọkùnrin ìlú kan bá di alágbẹ̀dẹ, ta ni yóò lọ sójú ogun?

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ fi ojú ara wọn rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni gidi. Ẹ̀rọ kan sì wà ní yunifásítì tó wà nítòsí wọn tí ń wọn sẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá da ẹ̀jẹ̀ sí i, àwọn sẹ́ẹ̀lì á máa kọjá níwájú ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àgùntàn ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà ọgbà kọjá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á fi àmì kékeré kan sílẹ̀ lórí ìwé. Tí gbogbo wọn bá kọjá tán, àwọn àmì náà á ṣù jọ ní agbo-agbo: jagunjagun lápá ọ̀tún, alágbẹ̀dẹ lápá òsì. Iṣẹ́ ẹni tó bá fẹ́ kà á ni pé kó fa ìlà sáàárín agbo méjèèjì, bí ẹni ń fa ààlà oko, kó sì wo èyí tó pọ̀ jù. Níbi tí o bá fa ìlà sí ni ìdáhùn rẹ wà. Rántí ibẹ̀ yẹn.

Olùkọ́ náà bẹ àwọn ará yunifásítì títí wọ́n fi fún un ní ìwé ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì tí wọ́n ti yọ orúkọ wọn kúrò. Ẹni àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Ẹnì kejì, ibà ló ń ṣe é lọ́wọ́. Ó wá ku ẹni tí ara rẹ̀ le, tí wọn yóò fi ṣe òṣùwọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ní òun yóò wá ẹnì kan. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, olùkọ́ ti ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ó ní, "Kí la tún ń wá kiri? Èmi rèé. Lọ bi wọ́n níléèwé wa bóyá àìsàn ti dá mi dúró sílé rí."

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìwé jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ jókòó kó kà á fún un. Olùkọ́ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a. Ó ní, "Má kà á. Tí o bá kà á fún mi, èmi náà á kà á fún wọn, wọn ò sì ní ṣe iṣẹ́ kankan." N kò bá a wí lórí ìyẹn, ìfẹ́ iṣẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà kò wò ó. Kí ni yóò máa wò? Ó ti mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ẹ̀kọ́ pé, ó pín ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún àwọn ọmọ ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́. Ó ní kí wọ́n wá ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àti ẹni tí ibà ń ṣe nínú méjì àkọ́kọ́. Ó wá gbé ẹ̀kẹta sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀kẹta yìí, tèmi ni. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tí ara rẹ̀ le bí òkúta lẹ ń wò yẹn. Òun ni òṣùwọ̀n wa. Ẹ fi àwọn yòókù wé e."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ta ni kò ní pàtẹ́wọ́? Olùkọ́ wo ló tún ń fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kọ́ni? Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn tún wá fi kún un.

Wọ́n tẹjú mọ́ iṣẹ́. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin kan fi nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ohun tí a bá rí ni ká kọ, àbí ohun tó yẹ?"

Ìwọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ilé-ìwé wa kọjá mọ ìbéèrè yẹn. Bí wọ́n bá gbé maikirosikóòpù síwájú ọmọ ní ìdánwò, ó lè jẹ́ irun ìpéǹpéjú ara rẹ̀ nìkan ni yóò rí nínú rẹ̀. Àwòrán inú ìwé ni yóò yà síbẹ̀. Ẹni tí yóò máàkì rẹ̀ mọ àwòrán inú ìwé, kò mọ irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tọ́ gbogbo wa. Ọmọ tó bá kọ ohun tó rí a gba òdo, èyí tó bá kọ ohun tó yẹ a gba ẹ̀bùn lọ́jọ́ ìparí ọdún.

Ọkùnrin tó kórìíra àhásórí yìí, òun gan-an ló yẹ kó sọ fún wọn pé ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ. Ó mọ ìdáhùn yẹn. Ní ọjọ́ mìíràn, ohun tí ì bá sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ló wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìbéèrè wo nìyẹn? Ohun tó yẹ náà lẹ máa rí. Ṣebí mo ti sọ bí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le ṣe ń rí fún yín. Ẹ tún un wò dáadáa."

Ọmọbìnrin náà jókòó. Gbogbo wọn tún un wò dáadáa.

Abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ọ́fíìsì àwọn olùkọ́ ló jókòó sí láti máàkì iṣẹ́ wọn, inú rẹ̀ sì ń dùn bó ṣe ń ṣí ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹni tó gba abẹ́rẹ́, wọ́n dá a mọ̀. Ẹni tí ibà ń ṣe, wọ́n dá a mọ̀. Lórí ìwé tirẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ló kọ ọ́ pé jagunjagun pọ̀, alágbẹ̀dẹ mọ níwọ̀n, ara ẹni yìí le. Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìlà tí wọ́n fà kò gún. Dípò kó gba àárín agbo méjèèjì kọjá, ṣe ló tẹ̀ lọ sí apá òsì, ó kó lára agbo alágbẹ̀dẹ mọ́ ti jagunjagun. O mọ bí aládùúgbò oko ṣe máa ń sún igi ààlà díẹ̀díẹ̀ nígbà òjò. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe sún un, síbì kan náà. Ó fi báírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé wọn pé kí wọ́n máa fa ìlà tó gún, ó sì fún wọn ní máàkì wọn pé pérépéré.

Ó délé, ó ròyìn fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó bá a yọ̀, ṣùgbọ́n ọrùn ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Bàbá Ọlátóún, kókó abẹ́ àgbọ̀n yín yìí ńkọ́? Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ sì ń rù. Ẹ jẹ́ ká lọ fi han dókítà."

Olùkọ́ ní, "Ìyá Ọlátóún, odidi kíláàsì ló yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lónìí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé nǹkan kan ń ṣe mí. Dókítà wo ló tún kù?"

Obìnrin náà lọ gbé oúnjẹ rẹ̀ wá. Ìwọ náà wò ó, Àkànmú. Olùkọ́ ló fi ìdáhùn sí àwọn ọmọ lẹ́nu, òun náà ló tún wá ń pè wọ́n ní ẹlẹ́rìí. Ẹ̀mí rẹ̀ ló sì gbé lé ẹ̀rí yẹn.

Ọdún yí po. Kókó náà di méjì. Àárẹ̀ ń mú un, ó ní eruku ṣọ́ọ̀kì ni. Òógùn ń bò ó lójú oorun, ó ní ooru ni. Ẹ̀wù rẹ̀ ń tóbi sí i lọ́rùn, ó ní ẹ̀bi télọ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ tún sọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, olùkọ́ tún rán an létí kíláàsì, obìnrin náà kò sọ ọ́ mọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n tún dé orí ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú àwọn ọmọ tuntun, ariwo gba ìlú. Wọ́n ní olùkọ́ kan ń fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ṣe nǹkan níléèwé. O mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn nílùú wa. Kó tó dé garéèjì, ó ti di pé inú ìgò ni wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ náà sí. Kó tó dé ọ̀nà odò, ó ti di pé àwọn ọmọ ń mu ún. Bàbá kan fi oko sílẹ̀, ó gbé bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun wà níbẹ̀. Wọ́n fi ìwé hàn án. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó ní, "Àmì lásán rèé. Ẹ̀jẹ̀ dà?" Wọ́n ní òun náà nìyẹn. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ń rí báyìí, ó yẹ kí gbogbo wa ti kú. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé náà jẹ́ obìnrin tí kì í fẹ́ ariwo. Ó pe olùkọ́. Ó ní, "Iṣẹ́ yín dára, ẹ má fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ẹ̀jẹ̀ báyìí, ti lágbájá ni. Ẹ má dárúkọ ara yín pẹ̀lú. Ẹ kàn pín ìwé fún wọn." Ọ̀rọ̀ náà dun olùkọ́. Ó ń kùn títí ó fi dé kíláàsì. Ní tirẹ̀, wọ́n ti yọ iyọ̀ inú ọbẹ̀ kúrò.

Ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn. Ó pa ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti èṣí pọ̀, ó pín wọn. Ó ní, "Ẹni mẹ́ta nìyí. Ẹ fa ìlà yín, kí ẹ sọ bí ara kálukú ṣe rí." Ó lọ jókòó. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ọmọ tó béèrè ohun tó yẹ, nítorí kò sí ọmọ tó mọ ohun tó yẹ.

Abẹ́ igi máńgòrò náà ló tún gbé iṣẹ́ wọn lọ. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ dá ẹni tó gba abẹ́rẹ́ mọ̀, wọ́n dá ẹni tí ibà ń ṣe mọ̀. Lórí ìwé tó kù, wọ́n kọ ọ́ pé alágbẹ̀dẹ ti bo gbogbo ìlú, jagunjagun kò tó nǹkan mọ́, ara ẹni yìí kò yá. Inú bí olùkọ́. Ó kọ òdo gàdàgbà sí i. Ó ṣí ti ẹgbẹ́ kejì, ohun kan náà ni. Ó ṣí ẹ̀kẹta, ohun kan náà ni. Ìlà wọn gún régé, ó gba àárín agbo méjèèjì kọjá, kò sún síhìn-ín, kò sún sọ́hùn-ún. Ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ẹ bá mọ ẹni náà, ẹ tètè sọ fún un."

Ó rò pé òun ti ṣi ìwé pín fún wọn. Ó wo igun rẹ̀. Àmì tí ọ̀dọ́mọkùnrin yunifásítì fi sí i wà níbẹ̀. Tirẹ̀ ni. Ó mú pẹ́ńsù, ó ní òun yóò fa ìlà náà fúnra òun, kí òun lè fi àṣìṣe wọn hàn wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò tẹjú mọ́ ìwé ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Bó ṣe dé àárín, ọwọ́ náà tẹ̀ sí òsì. Òun fúnra rẹ̀ rí i bó ṣe ń tẹ̀. Ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ẹ̀rù gidi bà á.

Ó ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin tó béèrè ìbéèrè lọ́dún tó kọjá. Ọmọ náà ti wà ní kíláàsì kẹfà. Ó wá, ó kúnlẹ̀ kí i.

Olùkọ́ ní, "Dìde. Lọ́jọ́ tí ẹ wo ẹ̀jẹ̀ mi, kí lẹ rí?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Sà, ohun tí a kọ náà ni."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí ẹ kọ. Kí lẹ rí?"

Ọmọ náà na ìka sí ìwé náà. "Agbo ọwọ́ òsì ló tóbi jù, sà. A kọ́kọ́ fa ìlà sáàárín. Ìdáhùn rẹ̀ kò bá ohun tí ẹ sọ mu. A wá sún un."

"Ẹgbẹ́ tìrẹ nìkan?"

"Gbogbo wa ni, sà. A bi ara wa nígbà tí a jáde lọ ṣeré."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ọmọ náà gbójú sókè. Omi ti lé ròrò sí i lójú. "Sà, ẹ ti ní ara yín le. Ta ni nínú wa tí yóò dìde sọ pé ara olùkọ́ òun kò le? A rò pé àwa ni a ò mọ̀ ọ́n wò." Ó tún wolẹ̀. "Mo sì bi yín, sà."

Olùkọ́ ní kó máa lọ sí kíláàsì. Òtítọ́ ni, ọmọ náà bi í. Àwọn àgbà ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Odidi kíláàsì ti bá ọkùnrin yìí rí ìpàkọ́ rẹ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ bò wọ́n lójú.

Kò padà sábẹ́ igi máńgòrò. Ó lọ sílé, ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Ìyá Ọlátóún, múra, ká lọ rí dókítà."  Obìnrin náà gbé ẹ̀wà sílẹ̀, ó lọ wọ bàtà.

Dókítà fọwọ́ kan àwọn kókó ọrùn rẹ̀, ó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wò ó. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni, irú èyí tó rọra ń rìn. Àwọn alágbẹ̀dẹ ń pọ̀ sí i, wọn kò sì rọ nǹkan kan, ṣe ni wọ́n kàn ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣiṣẹ́. Dókítà ní, "Tí ẹ bá ti wá lọ́dún tó kọjá ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn ju báyìí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fòyà, a ṣì bá a lójú ọ̀nà." Olùkọ́ náà sunkún nínú ọ́fíìsì dókítà. Ó sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀, kò sì tijú. Ó ní kì í ṣe àìsàn náà ló pa òun lẹ́kún, bí kò ṣe gbólóhùn kan tí àwọn ọmọ tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ kọ sísàlẹ̀ ìwé, pé kí ó tètè sọ fún ẹni náà.

Ìtọ́jú rẹ̀ gba àkókò. Irun orí rẹ̀ re, ó tún hù. Mo rí i láìpẹ́ yìí, ó ti sanra, ó ń bá mi jiyàn bí ìṣe rẹ̀. Ó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún. Gbogbo òdo tó fún àwọn ẹgbẹ́ yẹn, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́ níṣojú wọn, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Tó bá ti dé orí ẹ̀kọ́ náà báyìí, ìwé ló ń kọ́kọ́ pín. Kò ní sọ bí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ kó rí títí àwọn ọmọ yóò fi fa ìlà wọn tán. Ìwé tirẹ̀ tuntun máa ń wà lára àwọn ìwé náà lọ́dọọdún, kò sì sí ọmọ tó mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Dókítà ń kà á, àwọn ọmọ náà ń kà á. Ó ní bí àwọn ọmọ bá kọ ọ́ pé ara ẹni yìí ti ń le, òun a sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó yá, ó kàn ọ́ wàyí.

Mo bá yín jẹun lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Àkànmú. Lẹ́yìn àdúrà, o jókòó sórí àga rẹ, o ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ilé wa tòrò. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ lọ́kàn?" Ìyàwó rẹ ní kò sí. Àkọ́bí rẹ ní kò sí. Ó kan Mojíṣọ́lá ọmọ rẹ obìnrin. Ọmọ náà la ẹnu, ó wo ìyá rẹ̀, ó pa ẹnu dé. Ó wá ní, "Kò sí, Dádì." O rẹ́rìn-ín, o ní ká máa bu oúnjẹ. Mo rí ìlà yẹn bó ṣe tẹ̀ sí òsì.

N kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, kò sì sọ ìdí. Ẹran tí o bù fún un náà, àbúrò rẹ̀ ló jẹ ẹ́. Ó lè jẹ́ ohun kékeré. Ó sì lè jẹ́ kókó abẹ́ àgbọ̀n. Má bá mi jiyàn pé o máa ń bi wọ́n. O ń bi wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ti máa ń fi ìdáhùn lé wọn lọ́wọ́ kí o tó béèrè. Ilé tí bàbá ti kéde pé ó tòrò, ọmọ wo ni yóò fa ìlà rẹ̀ gún níbẹ̀?

N kò sọ pé ilé rẹ ti bàjẹ́. Má jẹ́ kí àyà rẹ já. Ọkùnrin tí mo ń sọ yìí kò kú, nítorí pé ojú àwọn tó yí i ká dá ṣáṣá, ó sì pàpà fetí sí wọn. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ tìrẹ náà ríran. Mo mọ ìyàwó rẹ, mo mọ àwọn ọmọ rẹ, kò sí afọ́jú láàárín wọn.

Dìde, máa lọ sílé. Pe ọmọ rẹ jókòó, òun nìkan. Má sọ bí ilé ṣe rí, má dúpẹ́ kankan ṣáájú. Bi í ní ohun tó rí, kí o sì dákẹ́. Bí ó bá wá wò ọ́ lójú, tó bi ọ́ pé, "Dádì, ṣé ohun tí mo rí ni kí n sọ, àbí ohun tó yẹ?" mo bẹ̀ ọ́, Àkànmú, má rẹ́rìn-ín.